Kọ́ńdọ̀mù ya mọ́ mi lára lálẹ́ Sátidé, kí ni kí n ṣe báyìí?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé bá ẹnikẹ́ni sọ lójúkojú ni mo ṣe gbé e wá síbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Èmi àti ọmọge kan tá a ti ń bára wa bọ̀ láti bí oṣù méjì jọ wà pọ̀ lálẹ́ Sátidé, a lo kọ́ńdọ̀mù o, àfi bí mo ṣe yọ jáde tí mo wò ó tí mo rí i pé orí ẹ̀ ti ya pátápátá, ìdí ẹ̀ nìkan ló kù sí mi lára bí òrùka. Mi ò mọ ìgbà tó ya, òun náà ò mọ̀. Ó kàn dákẹ́, ó wọṣọ, mo bá a pe ọ̀kadà, ó lọ. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń tẹ Google, bí mo ṣe ń kà á lẹ̀rù ń bà mí sí i, oúnjẹ àná ò lọ lẹ́nu mi rárá. Mi ò mọ̀ bóyá ó ní nǹkan kan lára, a ò bi ara wa rí. Àárọ̀ Mọ́ńdè la wà yìí. Mo rí ibì kan tí wọ́n ti ní kí èèyàn dúró oṣù mẹ́ta kó tó ṣe tẹ́ẹ̀sì HIV. Ṣé kí n kàn máa ka oṣù mẹ́ta báyìí ni?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní:
Àbúrò mi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ kó o lọ wẹ̀, o máa jáde láàárọ̀ yìí ni. Tẹ́ẹ̀sì oṣù mẹ́ta yẹn ní àyè tiẹ̀, òun kọ́ ló kàn. Ohun tó kàn ni oògùn tí wọ́n ń pè ní PEP. Oògùn HIV náà ni, àmọ́ ẹni tí kò tíì ní i ni wọ́n ń fún lẹ́yìn tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, kó lè dá kòkòrò yẹn dúró kó tó ráyè fìdí kalẹ̀ nínú ara. Wákàtí 72 ni gbèdéke ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn wọn ò ní fún ẹ mọ́. Sátidé alẹ́ sí àárọ̀ yìí, o ò tíì lo wákàtí 40, àyè ṣì wà, àmọ́ má wá sọ pé ṣebí alẹ́ ọ̀la ló máa pé o, bó ṣe ń pẹ́ ni agbára oògùn yẹn ń dín kù, ẹni tó bá tètè gbé e mì ló jèrè ẹ̀ jù. Ọjọ́ 28 gbáko lo máa fi lò ó, ojoojúmọ́, láìfo ọjọ́ kan. Èyí tí wọ́n sábà ń fúnni ní Nàìjíríà báyìí, hóró kan lójúmọ́ ni, tenofovir, lamivudine àti dolutegravir ni wọ́n pò pọ̀ sínú hóró kan ṣoṣo yẹn.

N'Íbàdàn, UCH ní kílínìkì HIV, Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu náà ní. Ẹni tó bá wà l'Ékòó kó lọ sí LUTH tàbí LASUTH tàbí NIMR ní Yábà, ará Ifẹ̀ ní OAUTHC. Má lọ jókòó sórí ìlà GOPD, níbi tí wọ́n ti ń rí gbogbo aláìsàn o, béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú HIV ní tààràtà. Tó bá jẹ́ òru tàbí wíkẹ́ẹ̀ńdì, ẹ̀ka pàjáwìrì ni kéèyàn gbà lọ. Ohun tó o máa sọ ò ju kinní yìí lọ: "Kọ́ńdọ̀mù ya mọ́ mi lára lálẹ́ Sátidé, PEP ni mo bá wá." Wọ́n á kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ ẹ. Má jẹ́ kó já ẹ láyà, tẹ́ẹ̀sì òní ò lè sọ ohunkóhun nípa Sátidé, bóyá ó ti wà lára ẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mọ̀, torí tó bá ti wà nílẹ̀, PEP kọ́ ni ìtọ́jú ẹ̀. Tún ní kí wọ́n bá ẹ yẹ hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ yẹn, wò. Méjì nínú oògùn mẹ́ta yẹn máa ń ṣiṣẹ́ lórí hepatitis B náà, tó bá wà lára èèyàn láìmọ̀ tó wá dá oògùn dúró lójijì lẹ́yìn ọjọ́ 28, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ lè dà rú. Tó ò bá ní i, gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni láàárín oṣù mẹ́fà.

Bọ̀dá Ìṣirò:
Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ṣe ìṣirò kí ẹ̀rù má pa ọmọkùnrin yìí kí àrùn tó dé. Ìwádìí NAIIS tí ìjọba ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 2018, tí wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2019, sọ pé àwọn tó ní HIV láàárín ẹni ọdún 15 sí 49 jẹ́ 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká wá sọ pé ọmọge yẹn wà lára wọn, kò sì lo oògùn kankan, nọ́ńbà tí CDC, àjọ ìlera ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń lò ni pé nínú ìgbà 10,000 tí ọkùnrin bá bá obìnrin tó ní i sùn láìsí rọ́bà, bíi mẹ́rin péré ló máa ràn án. Ẹ wá pa méjèèjì pọ̀. Ṣé torí ìyẹn ni yóò fi máa gbé oògùn mì fún ọjọ́ 28, tí inú á máa ru ú? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀ o.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní:
Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò yín dáa, ó yẹ kó jẹ́ kó lè jẹun lónìí. Àmọ́ àpapọ̀ ni, kò mọ ẹni tó wà níwájú wa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kòkòrò yẹn, tí òun fúnra ẹ̀ ò tíì mọ̀, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ máa ń pọ̀ ju ti gbogbo ìgbà lọ. Tí egbò bá wà lójú ara ọ̀kan nínú wọn, tàbí àtọ̀sí tí kò tíì hàn, nọ́ńbà yẹn ti yí nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ obìnrin ló ń béèrè, ìlọ́po méjì ni, mẹ́jọ nínú 10,000. Tó bá jẹ́ ti ihò ìdí, ẹni tí wọ́n ń bá lò ó, 138 ni. Kó lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ á bi í ní ìbéèrè, wọ́n lè sọ pé kò nílò ẹ̀, ìyẹn náà dáa. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kó jókòó sílé máa fi nọ́ńbà tu ara ẹ̀ nínú títí wákàtí 72 á fi kọjá lórí ẹ̀.

Àǹtí Fámásì:
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin, ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Mọ́ òun náà lára ló ya, inú tiẹ̀ sì ni àtọ̀ wà. Ọmọ Mọ́kọ́lá, bi í bóyá ó ń lo ìfètòsọ́mọbíbí kankan, bóyá abẹ́rẹ́, bóyá èyí tí wọ́n ń kì sápá. Tí kò bá lo nǹkan kan, ọ̀rọ̀ oyún náà ní gbèdéke tiẹ̀. Postinor tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, láàárín wákàtí 72 ló dáa jù, ó ṣì lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ títí dé wákàtí 120 àmọ́ kéèyàn má gbọ́kàn lé ìyẹn. Èyí tó bá jẹ́ hóró méjì nínú páálí, a lè gbé méjèèjì mì lẹ́ẹ̀kan náà, kò pọndandan kéèyàn dúró wákàtí 12 kó tó lo ìkejì, àwọn míì máa ń gbàgbé ìkejì yẹn síbi oorun. Tó bá bì láàárín wákàtí méjì tó lò ó, kó tún òmíràn lò. Ẹni tó bá ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí oògùn HIV tí efavirenz wà nínú ẹ̀, kó sọ fún fámásísìtì, torí wọ́n máa ń jẹ agbára Postinor kù. Èyí tó dájú ju gbogbo oògùn mímì lọ ni lúùpù oníbàbà tí wọ́n ń fi sí ilé ọmọ, wọ́n lè fi sí i títí dé ọjọ́ márùn-ún, á sì tún máa dènà oyún fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, Postinor kì í dènà àrùn, PEP kì í dènà oyún. A lè lo méjèèjì pọ̀, wọn ò bára wọn jà. Kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní omi iyọ̀, tàbí Coke pẹ̀lú Andrews, tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ àti kán-ún. Kó má fi Dettol tàbí ọṣẹ fọ inú ojú ara, ìyẹn gan-an máa ń bó awọ ibẹ̀ tí kòkòrò á fi rí ọ̀nà wọlé. Ìta ni kó fi omi lásán fọ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun gan-an mà. Mo ti wọṣọ, mo ń dúró de máíkírà. Mo pè é, kò gbé e. Kí ni kí n kọ ránṣẹ́ sí i tí kò ní rò pé alárùn ni mò ń pè é?

Ṣadé Ọ̀ṣun:
Mo yọ̀ pé o béèrè, torí ọ̀pọ̀ ọkùnrin, "ṣé kò sí nǹkan lára ẹ ṣá?" ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló sì máa ń jẹ́ kí obìnrin bínú tì wọ́n. Kọ ọ́ báyìí: "Báwo ni o, ọ̀rọ̀ alẹ́ Sátidé ò kúrò lọ́kàn mi. Rọ́bà yẹn ló ya, ẹ̀bi ẹnì kankan kọ́. Mò ń lọ gba oògùn tó ń dènà HIV ní ọsibítù báyìí, ó ní àsìkò tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, mo fẹ́ kí ìwọ náà gbà á. Tó o bá ń ro ti oyún, oògùn ìyẹn náà wà, àmọ́ òní la máa rà á. Èmi ni màá sanwó." Má yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kúrò o. Má sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kó bá ẹ gbé e fún un, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni ọ̀rọ̀ yìí. Tó bá wá jẹ́wọ́ fún ẹ pé òun ní HIV, òun sì ń lo oògùn, má pariwo, má sá, béèrè bóyá wọ́n ti wọn kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ láìpẹ́ yìí.

Ajíhìnrere:
Gbogbo èyí ì bá má ṣẹlẹ̀ ká ní ẹ dúró de ìgbéyàwó. Ẹ fi àgbèrè sílẹ̀ kẹ́ ẹ rí àlàáfíà.

Ṣadé Ọ̀ṣun:
Ẹ̀gbọ́n, a ti gbọ́. Tọkọtaya tó ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ń lo rọ́bà láti fètò sọ́mọ bíbí, tiwọn náà sì máa ń ya. Wákàtí 72 ò mọ ẹni tó ṣègbéyàwó.

Alágbo Ọjà-Ọba:
Ẹ kú ìjókòó o, ọmọ mi. Èmi ò ní ta agbo mi ní tipátipá, àmọ́ èyí tí mò ń ṣe fún àtọ̀sí, ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́, kò sí ìdọ̀tí tí kì í fọ̀ jáde.

Baddo:
Agbo kẹ̀? Ampiclox mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó parí, bá a ṣe ń ṣe é ní ádúgbò wa nìyẹn.

Àǹtí Fámásì:
Mọ̀mí, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, ìyá mi àgbà náà ta agbo. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọmọ yìí fẹ́ gbé oògùn líle fún ọjọ́ 28, ẹ má jẹ́ ká tún di ẹrù míì lé e, agbo kankan ò sì sí tí ń lé HIV jáde lára. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ti ń mu agbo tẹ́lẹ̀ kó sọ ọ́ fún wọn ní kílínìkì, kó má fi pamọ́. Baddo, ìwọ ni mo fẹ́ bá wí jù. HIV kì í gbọ́ Ampiclox rárá. Àtọ̀sí tó wà níta lónìí, ó ti pẹ́ tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ò ti ràn án mọ́, abẹ́rẹ́ ceftriaxone ni wọ́n ń gún fún un. Chlamydia, àrùn ìbálòpọ̀ míì, doxycycline ọjọ́ méje. Sífílísì, abẹ́rẹ́ benzathine penicillin. Ó ní èyí tó tọ́ sí èwo. Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan tí ẹ̀ ń gbé mì yẹn, ó lè jẹ́ kí ọyún dá bí ọjọ́ mélòó kan, tí àrùn á sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àìrọ́mọbí ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Mo ti gbà á o! Hóró àkọ́kọ́ ti wọlé. Ibi tí mo kọ́kọ́ yà sí, ọsibítù aládàáni kan tó sún mọ́ ilé, ẹni tó wà ní kántà béèrè ohun tí mo wá ṣe lójú gbogbo èèyàn, ó wá ní àwọn ò ní in, kí n padà wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti ka ọ̀rọ̀ wákàtí 72 yẹn níbí, n bá gbà. Mo yí sí ti ìjọba, kò sẹ́ni tó bèèrè lẹ́tà lọ́wọ́ mi, ìyá kan mú mi wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn, ó bi mí ní nǹkan tó pọ̀ láì wò mí ní ìwòkuwò. Tẹ́ẹ̀sì jáde pé kò sí. Káàdì nìkan ni mo sanwó ẹ̀, wọn ò gba owó oògùn.

Ọmọge yẹn ti fèsì. Ó ti ra Postinor lò láti àárọ̀ Sọ́ńdè, kò sọ fún mi! Ó ní òun rò pé mo ti sá lọ ni. Tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́ lónìí ló ní òun ń bọ̀ wá gba PEP tòun, mo ti fi orúkọ ìyá yẹn ránṣẹ́ sí i.

Ìbéèrè kan, ara mi ń gbóná díẹ̀ láti àná, orí ń fọ́ mi. Ṣé kì í ṣe òun ló ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní:
O ṣeun tó o lọ, ọmọ dáadáa. Rárá, òun kọ́. Ibà tó máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ HIV, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló sábà máa ń dé, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tilẹ̀ rí i. Àìsùn àti àìjẹun ló ń fọ́ ẹ lórí. Tó bá sì jẹ́ ibà ni, ìlú wa nìyí, lọ yẹ màléríà wò. Má jẹ́ kí ara gbígbóná, tàbí egbò ẹnu, tàbí kókó ọrùn sọ fún ẹ bóyá o ní HIV, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ̀sì oṣù mẹ́ta tó dà ẹ́ láàmú yẹn nìyí. Tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń gún lọ́mọ ìka tàbí tí wọ́n ń fi ìtọ́ ẹnu ṣe, ọmọ ogun tí ara máa ń kó jọ láti bá kòkòrò jà ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá, kì í ṣe kòkòrò fúnra ẹ̀. Ó máa ń gba ara láàárín ọjọ́ 23 sí 90 kí wọ́n tó pọ̀ débi tí tẹ́ẹ̀sì á fi rí wọn. Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ṣe ní láàbù, tó ń wo kòkòrò àti ọmọ ogun pọ̀, máa ń tètè mọ̀, láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Ìdí nìyẹn tí kílínìkì á fi ní kó o padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kó o tún wá ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ti ọ̀sẹ̀ kejìlá ló ń parí ẹjọ́. Má ra tẹ́ẹ̀sì onítọ́ ní fámásì kó o máa ṣe é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ o. Mo mọ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, owó ni wọ́n ń ná, àyà wọn ò sì balẹ̀.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo ti ń lo oògùn HIV láti 2009. Ìyàwó mi ò ní i, àwọn ìbejì wa ò ní i, wọ́n ti wọ girama. Mò ń ka gbogbo ohun tí ẹ̀ ń kọ, mo rí i pé ẹ̀rù tó ń ba ọmọ yìí, bí ẹni pé ikú ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni. Kì í ṣe ikú. Hóró kan lójúmọ́ ni, mò ń lò ó kí n tó mu ẹ̀kọ mi láàárọ̀. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé tí kòkòrò ò hàn mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kì í kó o ran ẹni tó bá bá sùn. Wọ́n ṣèwádìí lórí àwọn olólùfẹ́ méjì-méjì ní Yúróòpù tí ọ̀kan ní i tí ìkejì ò ní i, tí wọn ò lo rọ́bà, èsì ẹ̀ jáde ní 2016 àti 2019, wọn ò rí ẹyọ ẹnì kan tó kó o lára alábàágbé ẹ̀ tó wà lórí oògùn báyẹn. Nítorí náà ẹni tó yẹ kéèyàn máa ro ni ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun ní i, kì í ṣe ẹni tó mọ̀ tó ń lo oògùn. Àti pé tí wọ́n bá bá a lára èèyàn, òfin wà ní Nàìjíríà láti 2014 tó ní kí ẹnikẹ́ni má lé e níbi iṣẹ́ nítorí ẹ̀, kí wọ́n má sì fi tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ dá a dúró kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́.

Ọmọ Peckham:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ílú Ọba bíi tèmi, sexual health clinic ni kẹ́ ẹ lọ, tó bá jẹ́ alẹ́ tàbí wíkẹ́ẹ̀ńdì ẹ gba A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì, lọ, PEP ò gbowó. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tí ìwé wọn ò tíì pé, tí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á béèrè físà. Ní England, láti oṣù kẹwàá 2012 ni ìtọ́jú HIV ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn, bí ìwé rí bí kò rí. Ẹ má jókòó sílé.

Tìtílayọ̀:
Ẹ jọ̀ọ́ tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Kò ya, inú ló dúró sí, òun jáde, rọ́bà ò bá a jáde. Mo ń wá a, mi ò rí i. Ṣé ó lè wọ inú ikùn lọ?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní:
Kò lè wọ ikùn, má mikàn. Ẹnu ilé ọmọ kéré, rọ́bà ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Fọ ọwọ́ ẹ, lóṣòó, mí kanlẹ̀, fi ìka méjì wá a rọra, kó o di ìdí ẹ̀ mú fà á. Tó ò bá rí i, lọ sí kílínìkì kí wọ́n fi irinṣẹ́ yọ ọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín ẹ. Má jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Àtọ̀ ti dà sínú nìyẹn o, nítorí náà gbogbo ohun tá a sọ nípa PEP àti Postinor kàn ẹ́.

Ṣadé Ọ̀ṣun:
Tí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ láì sọ fún ẹ, tàbí ó fipá mú ẹ, ìyẹn ò kí ń ṣe jàǹbá mọ́. L'Ékòó, Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò, wà nínú LASUTH n'Ìkẹjà láti 2013, ìtọ́jú àti àyẹ̀wò ibẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Tó o bá lè ṣe é, má wẹ̀, má fọ aṣọ yẹn kó o tó débẹ̀.

Olóókọ Dúgbẹ̀:
Èmi ń ta kọ́ńdọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù mi, Gold Circle, Fiesta, Durex, gbogbo ẹ̀. Ọmọ Mọ́kọ́lá, níbo lo ti rà á?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń gbé e sórí tábìlì lẹ́bàá títì lóṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ó ti wà nínú pọ́ọ̀sì mi láti ìgbà yẹn.

Olóókọ Dúgbẹ̀:
Mo mọ̀. Oòrùn orí tábìlì ti sè é, o wá tún fi ìdí jókòó lé e. Kọ́ńdọ̀mù ò fẹ́ ooru, kò fẹ́ pọ́ọ̀sì ìdí, kò fẹ́ inú mọ́tò. Wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ẹ̀, wo nọ́ńbà NAFDAC, kó o fi ìka tẹ páálí ẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ò bá sí nínú ẹ̀ mọ́ má lò ó. Má fi eyín já a. Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù ni epo. Vaseline, òrí, àdí àgbọn, ìpara ọmọ, gbogbo ìyẹn máa ń jẹ rọ́bà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó fún un. Jẹ́ẹ̀lì olómi bíi K-Y ni kéèyàn lò tí ibẹ̀ bá gbẹ. Fún orí ẹ̀ pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má wà níbẹ̀ kó o tó yí i sílẹ̀, tó o bá sì ti parí kó o di ìdí ẹ̀ mú yọ jáde nígbà tí nǹkan ṣì le. Méjì lórí ara wọn ò ràn án lọ́wọ́ o, wọ́n á kàn máa ha ara wọn títí wọ́n á fi ya.

Àǹtí Fámásì:
Kí n tó gbàgbé, HIV ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ wa, òun kọ́ ló sì wọ́pọ̀ jù. Àtọ̀sí lára ọkùnrin sábà máa ń hàn láàárín ọjọ́ méjì sí méje, ìtọ̀ á máa ta á, ọyún á máa jáde. Obìnrin ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà kò ní rí nǹkan kan. Chlamydia gan-an kì í sábà sọ̀rọ̀ lára ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ fi ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, bí ara bá ń ta yín bí kò ta yín. Sífílísì máa ń lọ́ra, láàárín ọjọ́ 10 sí 90, egbò kan tí kì í dùn èèyàn rárá ló máa ń yọ, ó tún máa ń jiná fúnra ẹ̀, ìyẹn ló fi ń tan èèyàn jẹ. Ẹ ṣe tiẹ̀ pẹ̀lú HIV ní ọ̀sẹ̀ kejìlá.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ má bínú, ìbéèrè mi ò tán. Mò ń lo blood tonic tí ìyá mi ń fi ránṣẹ́ láti Ìṣẹ́yìn, mo sì ń lo Gẹ́sítìdì tí àyà bá ń jó mi. Ṣé mo lè máa lò ó pẹ̀lú PEP? Àti pé ṣé a lè tún ríra láàárín ọjọ́ 28 yìí?

Àǹtí Fámásì:
Blood tonic yẹn ní áyọ́ọ̀nù nínú, Gẹ́sítìdì ní ohun tó jọ ọ́, wọ́n máa ń di dolutegravir lọ́wọ́ nínú ikùn tí ara ò fi ní rí i fà mu dáadáa. Lo PEP ní aago méje àárọ̀, kí blood tonic tàbí Gẹ́sítìdì di ó kéré tán wákàtí méjì lẹ́yìn ìyẹn. Tí inú bá ń ru ẹ́ níbẹ̀rẹ̀, lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, ó máa ń lọ. Tó o bá bì ní kété tó o gbé e mì, pe kílínìkì. Tó o bá gbàgbé láàárọ̀ tó o rántí ní ọ̀sán, lò ó bó o ṣe rántí, má lo méjì lọ́jọ́ kejì.

Ríra? Ẹ lè ríra, rọ́bà tuntun láti ṣọ́ọ̀bù, títí tẹ́ẹ̀sì ọ̀sẹ̀ kejìlá fi máa jáde. Má fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí dìgbà yẹn náà. Kí òun náà máa wo nǹkan oṣù ẹ̀, tó bá fi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ sí ìgbà tó ń retí ẹ̀, kó ṣe tẹ́ẹ̀sì oyún.